"Gbé" kọ́, "kó" ni: lórí orúkọ tí a ó fún fáìlì ọjà àti ohun tí a ń fi í ṣe

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o. Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n wa láti Ọ̀fà gbé kalẹ̀ ni mo fẹ́ dáhùn. Wọ́n ní ọmọ wọn obìnrin ń ta aṣọ òfì lórí ayélujára, àti pé dípò kí ó máa tẹ àwọn ọjà náà sínú ìsọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣe ni ó kọ gbogbo wọn sínú fáìlì kan ṣoṣo, tí ó fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ìsọ̀, tí gbogbo ọjà sì yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí Yorùbá lè pe iṣẹ́ yìí, àti ohun tí a ó máa pe fáìlì náà pẹ̀lú àwọn ohun inú rẹ̀. Àbá tiwọn ni "ìgbésókè ọjà lọ́pọ̀ yanturu". Àbúrò wa kan dáhùn pé "ìrùsókè" ni ó dára jù, ẹnìkan láti Ìlọrin níbí sì ní kí a pe fáìlì náà ní "wàláà òǹkà".

Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun. Mo máa ń to irú fáìlì bẹ́ẹ̀ fún àwọn ahunṣọ àti àwọn oníṣòwò ní ìlú Ìlọrin, nítorí náà kì í ṣe inú ìwé nìkan ni mo ti ń wo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí ibẹ̀ ni mo rò pé a ti ṣìnà. Yorùbá kì í gbé ohun púpọ̀, kíkó ni à ń kó o. Bí mo bá ní kí ọmọ gbé àga wá, àga kan ni yóò gbé dé. Bí mo bá ní kí ó kó àga wá, kò ní bi mí bóyá ẹyọ kan ni mo ń wí. À ń mú ìwé kan, à ń kó ìwé púpọ̀. Ìyá gbé ọmọ rẹ̀ tí ó ní ẹyọ kan, ẹni tí ó bí méjì kó wọn lọ sílé ìyá wọn àgbà. Ọ̀rọ̀-ìṣe náà fúnra rẹ̀ ni ó ti sọ pé nǹkan pọ̀, kò sì dúró de "lọ́pọ̀" tàbí "lápapọ̀" kí ó tó sọ ọ́. Nínú "ìgbésókè lọ́pọ̀ yanturu", ohun tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ dì ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ń tú: "gbé" ní ẹyọ kan ni, "yanturu" ní ó pọ̀. Ní ti "rù", orí ni a fi ń ru ẹrù. Obìnrin tí ó ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì kúrò ní ọjà Ìpàtà lè ní ọgọ́rùn-ún tòmátì lórí, síbẹ̀ ẹrù kan ni ó rù. Èyí ni mo fi gbà pé àbúrò wa kò jìnnà sí òtítọ́, nítorí fáìlì náà jẹ́ ẹrù kan, a lè rù ú, a sì lè gbé e. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fáìlì ni oníbàárà ń wá wò. Fáìlì ni a gbé, ọjà inú rẹ̀ ni a kó.

Ọ̀rọ̀ "sókè" náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí ẹni tí ń tajà kò rí òkè kankan. Ìyá kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nítòsí Ọjà-Ọba máa ń pè mí lórí fóònù pé, "Ṣé ẹ ti kó ọjà mi síta?" Kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn ní gbólóhùn yẹn. Ohun tí wọ́n ti ń ṣe láràárọ̀ láti ìgbà èwe wọn, kí wọ́n kó ọjà síta kí oòrùn tó mú, ni wọ́n gbé wá sórí ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kí n fi ọjà kan pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, èyí tí mo fi ń yí 1 padà sí 0 nínú òpó (column) kan nínú fáìlì náà, wọn á ní, "Ẹ bá mi kó o wọlé." Bí a bá ti ní ohun méjèèjì yìí lẹ́nu àwọn tí ó ni iṣẹ́, kí ni a tún ń wá lọ? "Ìkójàsíta" ni àbá tèmi. Ẹnìkan lè sọ pé àwọn ẹ̀rọ ìsọ̀ máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọjà ń wọlé, àti pé "ìkójàwọlé" ni ó yẹ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìkójàwọlé ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́nu àwọn oníròyìn, tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nípa ọjà tí ń ti òkè òkun wá. Yàtọ̀ sí èyí, ojú ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ náà fi ń wo nǹkan, ojú oníṣòwò sì ni ó yẹ kí èdè wa fi wò ó.

Àbá "wàláà òǹkà" dùn mọ́ mi, nítorí ó ti inú ilé wa wá. Ẹni tí ó bá lọ sí ilé kéwú ní Ìlọrin mọ wàláà, pátákó tí a ń fi tàdáwà kọ̀wé sí, tí a ń kà títí yóò fi mọ́ni lórí, tí a ó wá fọ̀ kí a lè kọ òmíràn sí i. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì náà mọ̀ ọ́n nínú Bíbélì, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ wàláà òkúta tí a fi lé Mósè lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a kọ sí wàláà kéwú ni a kọ láti fọ̀ dànù, ohun tí a kọ sínú fáìlì ọjà sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, wàláà kò ní òpó. Mo bẹ̀bẹ̀ kí a fi orúkọ yẹn pamọ́ fún ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ lójú, èyí tí ó tóbi ju fóònù lọ. Yóò bá a mu gan-an.

Fún fáìlì náà, "ìwé àtẹ" ni mo yàn. Àwọn olùkọ́ wa ti ń lo "àtẹ" tipẹ́ fún ohun tí a fi ìlà pín sí ojú-ojú nínú ìwé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni àtẹ sì jẹ́ ibi tí oníṣòwò ń tẹ́ ọjà rẹ̀ sí kí ojú lè rí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ni akọ̀wé àti alátẹ ń lò, iṣẹ́ tí a ń sọ yìí sì ni ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, nítorí ohun tí a tò sínú ìwé ni yóò di ohun tí a pa látẹ. Àwọn òyìnbó pàápàá kò lọ jìnnà kí wọ́n tó rí orúkọ tiwọn. Ìwé ńlá tí àwọn aṣírò-owó wọn ń tẹ́ sórí tábìlì, tí ó gba ojú ewé méjì tí ó kọjú síra, ni wọ́n sọ ní "spreadsheet", kí ó tó di ọdún 1979 tí Dan Bricklin àti Bob Frankston gbé VisiCalc, ètò ìwé àtẹ orí ẹ̀rọ, jáde fún kọ̀ǹpútà Apple II. Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti mú un, ẹnu iṣẹ́ ni ó yẹ kí àwa náà ti mú tiwa.

Ìlà àti òpó kò yẹ kí ó mú wa jiyàn, gbogbo ayé ti gbà wọ́n. Ibi tí ìlà kan ti pàdé òpó kan, tí òyìnbó ń pè ní "cell", ni ó gba àròjinlẹ̀. Mo ti rí "àpótí", mo ti rí "ihò", mo tilẹ̀ ti rí "ẹ̀wọ̀n". "Ojúlé" ni mo fara mọ́. Nínú Excel, ètò ìwé àtẹ tí ọ̀pọ̀ ń lò, láti ọdún 2007, ìlà 1,048,576 àti òpó 16,384 ni ó wà lójú ewé kan, a kò sì lè rìn nínú ìlú tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ láìní àdírẹ́sì. B7 jẹ́ àdírẹ́sì: òpó B ni àdúgbò, 7 ni nọ́mbà ilé. Bí a bá ní "ojúlé B7 ṣófo", ẹni tí kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí yóò lóye pé kò sí ẹni tí ń gbé níbẹ̀.

Ibi tí ó dùn mí jù lọ nìyí, nítorí àìsí ọ̀rọ̀ tí ó péye ti jẹ mí lówó. Ẹ̀rọ máa ń pe gbogbo ohun tí a fi 0 dé 9 kọ ní òǹkà. Àmì ọjà (SKU) kan tí mo kọ ní 0047, ó di 47 nígbà tí mo padà ṣí fáìlì náà. Nọ́mbà tí ó wà lábẹ́ ìlà dúdú-funfun ara páálí (barcode), tí ó ní ẹyọ nọ́mbà 13, tí ti Nàìjíríà sì ń fi 615 bẹ̀rẹ̀, ó di 6.15E+12, ìyẹn ọ̀nà kúkúrú tí ẹ̀rọ ń gbà kọ nọ́mbà ńlá, mo sì fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀, ìyókù àwọn nọ́mbà náà sì ṣègbé. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọ iṣẹ́ mi pé kí ó yí òpó náà sí "ọ̀rọ̀" (text) kí ó tó tẹ ohunkóhun sí i, ó bi mí pé, "Ṣebí nọ́mbà ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n?" Ìdáhùn tí ó bọ́ sí mi lẹ́nu ni pé kì í ṣe òǹkà, orúkọ ni. Kò sí ẹni tí í ro ojúlé kẹta pọ̀ mọ́ ojúlé kẹrin kí ó ní òun rí ojúlé keje. Ohun tí a bá lè rò pọ̀, tí a lè yọ kúrò, irú bí iye owó àti iye ọjà tí ó kù, ni òǹkà. Èyí tí a kọ kí a lè dá nǹkan mọ̀ jẹ́ orúkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́mbà ni a fi kọ ọ́, odo iwájú rẹ̀ sì jẹ́ ara orúkọ náà. Àìyàtọ̀ yìí ti da àwọn tí ó ju mí lọ láàmú: ní ọdún 2020 ni ìgbìmọ̀ tí ń fún àbùdá (gene) ara ènìyàn lórúkọ kéde pé àwọn ti yí àwọn orúkọ kan padà, tí MARCH1 fi di MARCHF1, nítorí pé Excel ń sọ wọ́n di ọjọ́ inú oṣù. Nítorí náà, mo rọ̀ wá pé kí a má ṣe túmọ̀ àmì ọjà sí "nọ́mbà ọjà". "Àmì ọjà" ti tó.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn ni ti ọjà kan tí ó pín sí oríṣiríṣi. Àwa tí a kọ́ ẹ̀kọ́ èdè yóò fẹ́ pè é ní "ẹ̀dà", bí a ṣe ń sọ pé ẹ̀dà fóníìmù. Mo lò ó fún ìyá Ọjà-Ọba yẹn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rò pé mo fẹ́ lọ ya fọ́tò-kọ́pì ni. Láti ìgbà náà, "ọjà ìyá" àti "ọjà ọmọ" ni mo ń lò, ó sì bá bí fáìlì ṣe rí mu, nítorí nínú WooCommerce, ètò kan tí a fi ń ṣe ìsọ̀ orí ayélujára, ìlà ọmọ ní òpó kan tí a ti ń kọ àmì ìyá rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ta ni ìyá, ta ni ọmọ? Mo to aṣọ òfì bàbá ahunṣọ kan, mo fi "aṣọ òfì" ṣe ìyá, mo wá fi ẹtù, sányán àti àlàárì ṣe ọmọ, bí ẹni pé àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n. Bàbá wo ojú ẹ̀rọ náà pẹ́, wọ́n ní, "Ta ni ó sọ fún ọ pé àwọ̀ ni ẹtù?" Wọ́n fi ìka tọ fọ́nrán funfun tín-tìn-tín tí ó wà lára èyí tí a fi aró pa, wọ́n ní bí ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù ṣe rí ni, ibẹ̀ ni ó ti jẹ́ orúkọ, wọ́n ní sányán ní òwú tirẹ̀ tí ó ti ara kòkòrò wá, pé ẹni tí ó fẹ́ sányán kò ní gba àlàárì. Mo pa ìlà náà rẹ́, mo tún un tò: ẹtù di ìyá, sányán di ìyá, àlàárì di ìyá, gèlè, ìpèlé àti fìlà sì di ọmọ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ "irú" tàbí "àwọ̀" fún òpó yẹn, nítorí pé wọ́n ti pinnu ìbátan kí a tó bi ẹni tí ó hun aṣọ.

Fún CSV, irú fáìlì tí a sábà fi ń kó ọjà síta, ẹ jẹ́ kí a pè é bí ó ṣe ń jẹ́. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí a mọ̀ pé kọ́mà ni ògiri tí ó wà láàárín ojúlé méjì nínú rẹ̀. Mo ti fi ọwọ́ kọ 45,000 sínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ rí láìfi àmì àyọlò yí i ká. Iye owó di náírà 45, odo mẹ́ta tí ó kù bọ́ sí ojúlé iye ọjà, gbogbo ìlà náà sì yẹ̀ sí ọ̀tún.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn lẹ́tà wa, tí ó kan gbogbo ẹni tí ń kọ Yorùbá. Bí a kò bá ka fáìlì ní UTF-8, ìlànà tí ẹ̀rọ fi ń pa lẹ́tà mọ́, "ṣ" yóò yọ bí "á¹£", "ẹ" yóò sì yọ bí "áº¹", nítorí báìtì mẹ́ta (báìtì ni ẹyọ kékeré tí ẹ̀rọ fi ń pa nǹkan mọ́) ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbà, ẹ̀rọ sì ka báìtì kọ̀ọ̀kan bí odidi lẹ́tà. Èyí tí ó fara sin jù ni pé "ẹ́" kò ní ààyè tirẹ̀ ní ẹyọ kan nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà àwọn èdè ayé fún ẹ̀rọ. A lè fi àmì ohùn lé "ẹ", a sì lè fi àmì ìsàlẹ̀ sí "é". Ojú kò lè rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ méjì ni lójú ẹ̀rọ. Bí ọjà ìyá bá lo ọ̀kan tí ọjà ọmọ lo èkejì, ọmọ náà kò ní mọ ìyá rẹ̀. "Akọtọ́ abẹ́nú" ni mo ń pe èyí, láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára akọtọ́ tí ojú ń rí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá. Bí a bá kó ọjà síta lẹ́ẹ̀kejì, tí àmì ọjà bá ti àkọ́kọ́ mu, ìsọ̀ lè pààrọ̀ ohun tí ó wà nílẹ̀. Bí àmì náà kò bá bára mu, ọjà tuntun ni yóò bí, oníbàárà yóò sì rí fìlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. "Ìtúnkó" ni mo kọ́kọ́ rò, ṣùgbọ́n ìyá Ọjà-Ọba ní ó ń dún bí ẹni pé òjò dé tí a sì ń palẹ̀ ọjà mọ́. Mo fẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀kan fún pípààrọ̀, ọ̀kan fún bíbí ẹlẹ́ẹ̀mejì, bí ẹ bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ń tajà ní Ọ̀fà tàbí ní Òmù-Àrán.