Ẹ gbà mí o! Fíìmù Ṣáínà fún ọjọ́ ìbí bàbá mi

ỌmọTẹ́lọ̀: Ẹ kú ilé o. Sátidé yìí ni bàbá mi máa pé 70 ọdún. Wọ́n ní fíìmù Ṣáínà tí àwọn máa ń wò nígbà tí àwọn ń kọ́ṣẹ́ tẹ́lọ̀ ni kí n wá, èyí tí "aláwàdà yẹn" wà nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni? Kíá ni mo fẹ́ o.

ÒkèAdó: Aláwàdà wo nínú wọn? Tó bá jẹ́ ẹni tó máa ń ya ẹnu, tó ń yí ojú, Dean Shek nìyẹn. Wá Snake in the Eagle's Shadow, ti 1978. Òun ni olùkọ́ tó sọ Jackie Chan di àpò tí wọ́n ń lù fi kọ́ ẹ̀ṣẹ́.

ÌyáBísí: Rárá o. Bàbá arúgbó onímú pupa, alákèrègbè ọtí, ni àwọn bàbá wa máa ń rántí: Yuen Siu-tien, nínú Drunken Master, 1978 bákan náà. Ọmọ rẹ̀, Yuen Woo-ping, ló darí fíìmù méjèèjì. Bàbá yìí so Jackie rọ̀ ní doríkodò, ó ní kó máa fi ife kékeré bu omi láti korobá ìsàlẹ̀ sí ti òkè! Ó dùn mí pé 1979 ló kú, kò jẹ òkìkí yẹn pẹ́.

ÒkèAdó: Ìyẹn kì í ṣe aláwàdà. Jackie ni ákítọ̀, Hwang Jang-lee ni bọ́ọ̀sì, arúgbó yẹn ni ọ̀gá tó ń kọ́ ákítọ̀ níjà.

ÌyáBísí: Ọ̀gá ò lè pani lẹ́rìn-ín ni? Ibi tí wọ́n ti ń du abọ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́ nínú fíìmù tí ẹ̀yin fúnra yín dárúkọ ńkọ́?

Adé_Mushin: Àbúrò, má ra síìdì lójú títì o! Mo ra ọ̀kan fún àna mi, wọ́n ní ogún fíìmù ló wà nínú rẹ̀. Kò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi há. Ẹnu Jackie Chan là sílẹ̀ gbagidi lórí tẹlifíṣọ̀n. Àna mi ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn dìde lọ jẹun. Ó ṣì ń dùn mí.

Ṣọlá_B: Èmi náà! Nínú tèmi, ohùn ti lọ tán kí ẹnu tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Kọ́lá77: Èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ nínú tèmi látòkè délẹ̀.

Àdùkẹ́: Ẹ fi Ọ̀run Móoru ti Bàbá Sàlá hàn wọ́n. Ẹ tún tètè ra epo jẹnẹrétọ̀.

Kọ́lá77: Ṣáínà ni wọ́n béèrè, ẹ̀gbọ́n mi.

ÒkèAdó: Ẹ má fojú kéré Dean Shek o. Òun, Karl Maka àti Raymond Wong ló dá Cinema City, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, sílẹ̀ ní Hong Kong ní 1980. Ẹ wo A Better Tomorrow II, 1987, níbi tí ikú ọmọ rẹ̀ ti dà á lórí rú. Ẹkún ló fi pa mí níbẹ̀. 2021 ló kú.

ỌmọTẹ́lọ̀: Ẹ ṣé gan-an. Mo bi bàbá lálẹ́ àná. Wọn ò mọ orúkọ kankan, wọ́n kàn dìde, wọ́n ká ìka bí ẹni di ife mú, wọ́n ń fì sọ́tùn-ún sósì láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga. Orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọn ò rántí ẹ̀! Drunken Master ni. Mo ti ra síìdì rẹ̀ lójú títì. Mo wò ó dé ìdajì, kò há. Ta ló ní jẹnẹrétọ̀ tí mo lè yá?