Oníbodè ni, kì í ṣe ògiri iná

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lórí bí a ó ṣe pe firewall ní Yorùbá, ìyẹn ohun tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọ kọ̀ǹpútà àti ohun tó ń jáde, ẹnìkan dábàá "ògiri iná", ẹlòmíì ní "odi" ti tó. Èmi ò fara mọ́ ọ̀kankan.

Ẹ bi ọmọ Yábàá kan léèrè kí ni ògiri iná. Ibi tí mítà wà ni yóò nawọ́ sí. Iná ti di iná mànàmáná lẹ́nu wa tipẹ́. Odi ńkọ́? Odi kì í yan ẹni tó ń wọlé. Èyí tó wà nínú Linux ń yàn: á wo ibi tí ẹrù (dátà tó ń bọ̀ láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ti ń bọ̀ àti ilẹ̀kùn (port) tó ń lọ, bíi 22 tí a ń gbà wọ sáfà láti òkèèrè tàbí 443 ti wẹ́ẹ̀bù, kó tó jẹ́ kó kọjá. Iṣẹ́ oníbodè nìyẹn, àfi pé tiwa yìí kì í gba owó bodè.

Ẹni tó wá béèrè pé "oníbodè wo ni kí n mú, ufw tàbí firewalld?" ló mú mi kọ̀wé. Oníbodè kan náà ni o, netfilter, inú kernel, ọkàn Linux, ló ń gbé. Ufw tó ń bá Ubuntu wá láti 2008, àti firewalld tó wọ́pọ̀ lórí Fedora àti Red Hat, ògbufọ̀ ni wọ́n. O ní "ufw allow 22/tcp", pé kó ṣí ilẹ̀kùn 22, òun á sọ ọ́ di òfin tí oníbodè gbọ́. Ẹni tó bá sì gbọ́ èdè oníbodè fúnra rẹ̀ á lo nft, àṣẹ tí a fi ń darí nftables, nítorí nftables, apá netfilter tó ń pa òfin mọ́, ti wà nínú kernel láti ẹ̀yà 3.13, ní 2014.

Ògbufọ̀ méjì kì í bá oníbodè kan sọ̀rọ̀ kó má dàrú. Ufw ni mo fi ń ṣọ́ sáfà wa ní Yábàá, ẹnìkan lọ tan firewalld lé e. Èyí ṣí 22, èkejì tì í, mi ò sì rí ọ̀nà wọlé láti òkèèrè mọ́. Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo wà lọ́jọ́ náà, ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹ mọ bí afárá tí mo ní láti gbà dé Yábàá ṣe máa ń rí nígbà yẹn.

DROP àti REJECT, òfin méjì tí oníbodè fi ń dènà ẹrù, ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn kan túmọ̀ méjèèjì sí "kọ̀". Rárá o! REJECT ń fèsì pé ọ̀nà ò sí, "dá padà" bá a mu. DROP kì í fọhùn. Àlejò á kanlẹ̀kùn títí á fi sú u. "Dágunlá" ni mo pè é. Ẹni tó ní "dànù" kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ohun tó dé bá ẹrù nìyẹn ń sọ. Dágunlá ń sọ ohun tí ojú àlejò rí.

Chain, òfin tó tò tẹ̀lé ara wọn tí oníbodè ń yẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan, ni kò tíì yé mi bí a ó ṣe pè é. Tí a bá pè é ní "ẹ̀wọ̀n", àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ á ní ṣé ọlọ́pàá ló ń bọ̀ ni. "Ṣéènì" ni wọ́n ń pè é báyìí. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.