Ta ló ni "Guantanamera", báwo la sì ṣe ń kọ ìlà kẹta?

Olùdarí Ègbè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olórin. Ìwé orin kan ní José Martí, akéwì ará Kúbà, ló ni "Guantanamera", orin Kúbà yẹn; òmíràn ní Pete Seeger, akọrin ará Amẹ́ríkà, ni. Orúkọ ta ni ká tẹ̀ sínú ìwé ètò? Ìlà kẹta ẹsẹ àkọ́kọ́ náà kì í bá ìlù lọ, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ máa ń ṣẹ́kù.

Àgbà Olórin: Ẹ kọ Joseíto Fernández, akọrin ará Kúbà, sí ohùn orin, kí ẹ kọ José Martí sí ọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi Julián Orbón, olùdá orin, kún un, torí òun ló so méjèèjì pọ̀. Láti 1943 ni Joseíto ti ń fi ohùn yìí kọrin ìròyìn lórí rédíò CMQ ní Havana: ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ló ń fi ẹsẹ tuntun sọ. Martí kò gbọ́ ọ rí, ojú ogun ló kú sí ní 1895. Ewì inú ìwé Martí, *Versos sencillos*, tó tẹ̀ jáde ní 1891 ni Orbón mú. Héctor Angulo, akẹ́kọ̀ọ́ Orbón, ló kọ́ Seeger ní orin náà, tí Seeger fi kọ ọ́ ní gbọ̀ngàn Carnegie Hall ní New York ní 1963. Ó gbé e dé etí ayé, kò dá a sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ Joseíto kúrò.

Elédè Sípéènì: Sílébù mẹ́jọ ni ègbè náà: gua-ji-ra-guan-ta-na-me-ra. Mẹ́jọ náà ni ìlà ewì Martí, ohun tó jẹ́ kó wọ̀ ọ́ rẹ́gí nìyẹn. Ìlà kẹta ni "Y antes de morirme quiero". Tí wọ́n bá dá "Y" pè, ó di mẹ́sàn-án, ìlù á sì ṣáájú wọn. Ẹ pa á pọ̀: yan-tes-de-mo-rir-me-quie-ro, bí a ṣe ń sọ "ra ẹja" di "rẹja". Nínú ìlà kìíní, "Yo soy un hombre sincero", H inú "hombre" kì í dún; "guajira" sì ń dún bíi wahíra.

Onígìtá: Kọ́ọ̀dù (àkópọ̀ ohùn gìtá) mẹ́ta péré ni: C fún ìlù méjì, F fún méjì, G fún mẹ́rin, ó tún yí padà. Orí G ni ìlà kọ̀ọ̀kan ń balẹ̀ sí. Àwọn onígìtá máa ń kánjú padà sí C kí akọrin tó pe "-cero" inú "sincero" tán, orin á wá dà bí ẹni tó ti parí. Ẹ dúró sórí G.

Olùdarí Ègbè: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé orúkọ èèyàn ni Guantanamera?

Elédè Sípéènì: Rárá o. Obìnrin ará Guantánamo ni, ní ìlà-oòrùn Kúbà. "Guajira" ni ará oko.