Ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ láti Texas sí Maryland: ta ló ti ṣe é rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ tó wà ní Amẹ́ríkà. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Texas, ìwé-ẹ̀rí ọlọ́dún márùn-ún ni mo ní. Iṣẹ́ ọkọ mi ń gbé wa lọ sí Maryland.

Mo mọ̀ pé àdéhùn NASDTEC lórí ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ wà láàárín àwọn ìpínlẹ̀, àmọ́ kò ní kí wọ́n kàn gba ìwé-ẹ̀rí ẹni bẹ́ẹ̀. Kálukú ló ń sọ ohun tó tún fẹ́ gbà. Ìdánwò olùkọ́ gan-an ló ń kọ mí lóminú. TExES, ìdánwò ti Texas, ni mo ṣe, Praxis ni wọ́n ń lò ní Maryland. Ṣé wọ́n á gba TExES mi, àbí mo tún máa jókòó ṣe òmíràn? Ọmọ ọwọ́ ń bẹ lára mi, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí.

Nàìjíríà ni mo ti gba oyè àkọ́kọ́ mi. Wọ́n ti bá mi ṣàyẹ̀wò rẹ̀ nígbà ti Texas. Ṣé wọn ò ní ní kí n tún un ṣe? Ìtẹ̀ka tí wọ́n fi ń wádìí ẹni ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ wáṣẹ́ ni, àbí kí n ti kọ̀wé béèrè ìwé-ẹ̀rí Maryland kí a tó kó?