Ètò tí mo fi kọ́ ojú òpó wa kò ṣí mọ́: báwo ni mo ṣe lè rí àwọn fáìlì rẹ̀?

Olùkọ́ Èdè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn. Láti ọdún 2013 ni mo ti ń kó oríkì àwọn ìlú ilẹ̀ Yorùbá jọ sórí ojú òpó ayélujára kan, èyí tí mo fi ètò ìkọ́ ojú òpó kan tí a ń gbé sórí kọ̀ǹpútà kọ́. Ojú ewé tó wà níbẹ̀ ti tó 140, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni mo sì gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà tí wọn kò sí láyé mọ́, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, bí mo bá tẹ fáìlì iṣẹ́ náà kí ètò náà lè gbé e ṣí gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń ṣe, àmì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò yọ díẹ̀, yóò sì pòórá láìsọ ohunkóhun. Mo ti pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, kò yí padà. Windows 10 ni mo ń lò, n kò sì fi ohun tuntun kankan sí i. Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí pé mo ṣe lọ́jọ́ náà ni pé mo tún àwọn fódà mi tò, mo sì kọ orúkọ wọn bí ó ti yẹ kí a kọ Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀. Ojú òpó náà ṣì ń ṣí fún ẹni tó bá wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan ní kí n yọ ètò náà kúrò, kí n tún un fi sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Akọ̀wé Ìjẹ̀bú:
Ẹ kú ìdààmú, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ ohunkóhun kúrò. Ètò mìíràn wà tó jẹ́ pé, bí a bá ń yọ ọ́ kúrò, yóò kó àwọn fáìlì tó ń pa mọ́ fúnra rẹ̀ lọ pẹ̀lú, ó sì lè jẹ́ pé inú wọn gan-an ni iṣẹ́ yín wà. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sórí fláàṣì, kí ẹ tún ṣe òmíràn sí ibòmíràn, nítorí fláàṣì náà máa ń bàjẹ́. Ẹ wo inú Documents ná. Lẹ́yìn náà, ẹ di bọ́tìnnì Windows mọ́ R, ẹ kọ %appdata% síbẹ̀, kí ẹ tẹ Enter: fódà kan tí Windows máa ń fi pa mọ́ fún ojú ni yóò ṣí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ètò ń tọ́jú nǹkan sí. Bí ẹ bá rí orúkọ ètò yín níbẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà òun náà. Ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ máa fi dán ohun gbogbo wò, kì í ṣe ojúlówó.

Ìyá Wúrà:
Mo fara mọ́ ohun tí Akọ̀wé sọ, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó yẹ kó fọkàn yín balẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ojú òpó náà bá ṣì ń ṣí fún aráyé, iṣẹ́ yín kò sọnù. Fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín lè jẹ́ èyí tí ètò náà nìkan lè kà. Àwọn ojú ewé HTML (èdè tí a fi ń kọ ojú ewé ayélujára) àti àwòrán tí ó ti inú rẹ̀ ṣe jáde wà lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ojú òpó yín ń gbé, ẹnikẹ́ni sì lè kà wọ́n láìlo ètò náà rárá. Bí ilé iṣẹ́ tó gba ojú òpó yín sílé bá ń lo cPanel, ìyẹn ibi tí a ti ń ṣàkóso ojú òpó, ẹ wọlé, ẹ ṣí File Manager, ẹ mú fódà public_html, ẹ fi Compress sọ ọ́ di fáìlì zip kan ṣoṣo, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀. Bí kò bá sí cPanel, FileZilla, ètò kan tó ń gba fáìlì láti orí sáfà, yóò ṣe iṣẹ́ kan náà, bí ẹ bá ti ní orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà FTP, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń gbé fáìlì lọ sórí sáfà tàbí kúrò níbẹ̀. Wọ́n sábà máa ń wà nínú ímeèlì àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí yín.

Èyí tí mo bẹ̀ yín jù ni pé, bí ètò náà bá ṣí lójijì tí ẹ rí i pé ó ṣófo, ẹ má tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé iṣẹ́ jáde. Ó lè fi òfìfo rọ́pò ohun tó wà lórí sáfà, ẹ̀dà tó dára jù lọ́wọ́ yín yóò sì bá a lọ. Ohun tí ẹ kò ní rí lórí sáfà ni àwọn ojú ewé tí ẹ kọ tí ẹ kò tíì gbé jáde.

Olùkọ́ Èdè:
Mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo ti gba zip náà sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ètò ìkọ̀wé kan ṣí ojú ewé kan, àyà mi já: á¹£ ni mo ń rí níbi gbogbo tó yẹ kí ṣ wà, áº¹ sì ni mo rí dípò ẹ. Ṣé wọ́n ti bàjẹ́ ni? Ojú ewé mẹ́ta sì wà lóòótọ́ tí n kò tíì gbé jáde.

Àyìndé Onímọ̀ Ẹ̀rọ:
Wọn kò bàjẹ́, sà, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ Save nígbà tí wọ́n bá wà bẹ́ẹ̀. Nínú UTF-8, ìlànà tí a fi ń tọ́jú lẹ́tà gbogbo èdè sínú kọ̀ǹpútà, báìtì mẹ́ta (báìtì ni ìwọ̀n kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nǹkan) ni a fi ń kọ lẹ́tà ṣ kan. Ètò ìkọ̀wé yín ń ka báìtì kọ̀ọ̀kan bíi lẹ́tà kan, gẹ́gẹ́ bí ìlànà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Windows-1252, ìdí nìyí tí ṣ kan fi di àmì mẹ́ta. Ẹ fi Notepad++ ṣí i, kí ẹ mú UTF-8 lábẹ́ Encoding, ohun gbogbo yóò sì tọ́. Bí `<meta charset="utf-8">`, tó ń sọ pé UTF-8 ni a fi kọ ọ́, kò bá sí ní òkè ojú ewé kan, ẹ fi sí i.

Mo rò pé ibi kan náà ni ìṣòro àkọ́kọ́ yín ti wá. Lẹ́tà inú Windows-1252 kò lè ju 256 lọ. Àyè wà nínú rẹ̀ fún á àti è, nítorí àwọn ará Yúróòpù ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí àyè fún ẹ, ọ àti ṣ. Ètò tó ti pẹ́, tó ṣì ń lo ìlànà yẹn láti fi ka orúkọ fódà, kò ní mọ ọ̀nà dé ibi tí fáìlì yín wà, òmíràn a sì kú láìsọ ìdí. Ó dùn mí pé ẹni tó kọ èdè rẹ̀ bó ti tọ́ ni irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ dá fódà kan sílẹ̀ ní tààrà lórí C, ẹ pè é ní oriki láìsí àmì kankan, ẹ gbé ẹ̀dà fáìlì iṣẹ́ yín síbẹ̀, kí ẹ ti ibẹ̀ ṣí i.

Bí kò bá ṣí síbẹ̀, ẹ fi Notepad wo ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà náà. Bí lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ bá jẹ́ PK, zip ni. Ẹ yí ìparí orúkọ rẹ̀ sí .zip, ẹ ó sì rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí "SQLite format 3", ibi ìpamọ́ dátà ni, ètò tí wọ́n ń pè ní DB Browser for SQLite yóò ṣí i.

Olùkọ́ Èdè:
Ó ṣí! Bí mo ṣe gbé e sínú C:\oriki ni ètò náà jáde bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, àwọn ojú ewé mẹ́ta náà sì wà níbẹ̀. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ inú wọn sínú fáìlì lásán ní UTF-8, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó kù. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ku oríkì kan tí mo yọ kúrò lórí ojú òpó ní ọdún 2017, tí n kò sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan. Ǹjẹ́ ọ̀nà wà?

Ìyá Wúrà:
Ẹ kọ àdírẹ́sì ojú ewé náà sínú Wayback Machine ti Internet Archive, kí ẹ yan ọjọ́ kan tó ṣáájú ìgbà tí ẹ yọ ọ́. Kì í ṣe gbogbo ojú ewé ni wọ́n ń gbà sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọdún 1996 ni wọ́n ti ń kó wọn jọ. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lónìí.