Kí ló dé tí "igi aràrá" kò fi bá bọ́ńsáì mu

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè wa.

Ẹnìkan nínú wa dábàá pé kí a máa pe bọ́ńsáì, igi inú àwo tí àwọn ará Jàpáánì sọ di iṣẹ́ ọnà, ní "igi aràrá". Orúkọ náà dùn ún pè, ṣùgbọ́n irọ́ ni ó ń pa mọ́ igi náà. Ẹni tí a bí bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní aràrá, hóró páìnì dúdú tí ọlọ́gbìn sì fi ń bẹ̀rẹ̀ bọ́ńsáì kò yàtọ̀ rárá sí èyí tí ń di igi gàgàrà nínú igbó. (Àwọn tí ń polówó "irúgbìn bọ́ńsáì" lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sọ èyí fún oníbàárà: ẹ gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, yóò ga ju òrùlé yín lọ.)

Àwọn ará Jàpáánì tí ó ni orúkọ "bọ́ńsáì" gan-an kò fi kíkéré sí i. "Bon" ni àwo tí kò jinnú, "sai" ni gbígbìn, ó tán.

Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń mú igi náà kéré. Bí hóró bá ti hù tí ó sì ta ewé díẹ̀, ọlọ́gbìn a gé gbòǹgbò tí ó ń lọ tààrà sísàlẹ̀, kí àwọn yòókù lè nà sí ẹ̀gbẹ́, nítorí kò sí ibi tí èyí tí ó gùn yóò wọ̀ nínú àwo pẹrẹsẹ. Bí ó bá ṣe, a fi wáyà yí ẹ̀ka po, a tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ sí ibi tí ó fẹ́, a sì máa yẹ èèpo rẹ̀ wò, torí pé bí ẹ̀ka bá sanra mọ́ inú wáyà, àpá rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó ní láti kékeré ni a ti í pa ẹ̀ka ìrókò ìbá gbádùn iṣẹ́ yìí.

Nítorí náà, "tọ́" tí à ń lò fún ọmọ ni mo rò pé ó yẹ kí a mú. Mo kọ́kọ́ kọ "igi àtọ́", mo sì tètè pa á rẹ́, nítorí gbogbo wa ni a mọ ohun tí yóò dà lọ́wọ́ ẹni tí kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀. "Àtọ́sáwo" ni mo wá fara mọ́, ìyẹn igi tí a tọ́ sínú àwo. Páìnì funfun kan wà ní Washington, tí wọ́n ti ń tọ́ láti ọdún 1625. Ọwọ́ ìdílé Yamaki ní Hiroshima ni ó wà nígbà tí bọ́ǹbù bọ́ lé ìlú náà lórí ní 1945, kò kú, wọ́n sì fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní 1976. Ta ni yóò wo irú àgbà bẹ́ẹ̀ lójú tí yóò pè é ní aràrá?

Ó ku "misho", orúkọ tí àwọn ará Jàpáánì fún èyí tí a bẹ̀rẹ̀ láti inú hóró, kí ó lè yàtọ̀ sí "yamadori" tí a hú wá láti orí òkè. Mo ń ro "àtihóróhù", ní ìlànà "àtọ̀húnrìnwá", ṣùgbọ́n ó wúwo lẹ́nu díẹ̀. Kí ẹni tí ó bá ní èyí tí ó fúyẹ́ jù ú lọ jọ̀wọ́ gbé e wá.