“Àbàtà ìpamọ́” kò gbé ìtumọ̀ náà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé “àbàtà ìpamọ́” ni ká máa pe wetland, ìyẹn ibi tí omi ti gba ilẹ̀, tí òfin bá dáàbò bò ó. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ wọ́n, kí la tún ń dá ọ̀rọ̀ tuntun sí? Mo gbà pé ohun tó wà nílẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí gan-an ni mi ò fara mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ibì kan tó wà lóòótọ́: Mai Po, ní Hong Kong. Etí òkun ni, ilé gogoro ìlú Shenzhen sì dúró ní òdìkejì omi. Ní 1995 ni wọ́n kọ Mai Po àti apá inú Deep Bay, nǹkan bí hẹ́kítà 1,500, sínú ìwé àdéhùn Ramsar. Àdéhùn yìí, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe láti dáàbò bo wetland ní ìlú Ramsar lórílẹ̀-èdè Iran ní 1971, ló sọ ohun tí wetland jẹ́. Àbàtà wà níbẹ̀, irà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún ka adágún tí ọwọ́ èèyàn gbẹ́ mọ́ ọn, omi tó dúró àti omi tó ń ṣàn, omi dídùn àti omi iyọ̀, títí kan òkun tí kò bá jìn ju mítà 6 lọ nígbà tí omi bá fà. Ta ló máa wà nínú òkun tí omi ti bò ó mọ́lẹ̀, tó máa ní inú àbàtà lòun wà?

Ohun mìíràn tún wà nínú “àbàtà” tó ń dùn mí. Téèyàn bá gbọ́ ọ, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń rì ló ń wá sọ́kàn, ibi tí kò wúlò àfi tí wọ́n bá da yẹ̀pẹ̀ dí i. Lẹ́bàá ìlú ńlá tí ilẹ̀ ti wọ́n, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti dá ibẹ̀ lẹ́bi kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀. “Ilẹ̀ olómi” ni tèmi. Ó gba gbogbo wọn mọ́ra, kò sì tàbùkù ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá ní òkun kì í ṣe ilẹ̀, ilẹ̀ wà lábẹ́ omi yẹn, orí rẹ̀ sì ni ẹyẹ ti ń jẹ.

“Ìpamọ́” ló tiẹ̀ ká mi lára jù. Ohun téèyàn bá pa mọ́, ó ti gbé e síbì kan, ó ti ilẹ̀kùn, ó parí. Ẹ wá wo ohun tó ń lọ ní Mai Po. Àwọn adágún edé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní gei wai, àwọn tó ń sin edé ló ṣe wọ́n láyé ọjọ́un. Adágún kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn omi lára odi rẹ̀. Tí òkun bá kún, wọ́n á ṣí i, omi á gbé ọmọ edé wọlé, wọ́n á sì tì í kí edé lè dàgbà síbẹ̀. Láti 1983 ni WWF, àjọ tó ń dáàbò bo ẹranko àti igbó, ti ń bójú tó ọgbà náà, ilẹ̀kùn omi wọ̀nyẹn sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà òtútù, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó edé, wọ́n á máa fa omi adágún sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kì í fa gbogbo rẹ̀ pa pọ̀. Omi á lọ sílẹ̀ títí á fi ku díẹ̀ nísàlẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ tí kò já mọ́ nǹkan lọ́jà á há síbẹ̀, lékeléke àti àwọn ìbátan rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn á sì rọ́ wá. Bí omi bá jìn jù, wọn ò lè dúró. Bó bá gbẹ táútáú, kò sóúnjẹ. Wọ́n tiẹ̀ ń fa ọ̀dọ́ igi etí òkun (mangrove) tu lórí ẹrẹ̀, kí igi má baà gba ibi tí ẹyẹ ti ń jẹ.

Ṣé ìpamọ́ nìyẹn? Ìtọ́jú ni. A kì í pa ọmọ mọ́, ńṣe là ń tọ́jú rẹ̀. Òfin wà lóòótọ́, èèyàn ò gbọ́dọ̀ ṣàdédé wọ ọgbà náà láìgbàṣẹ, ìyẹn la lè pè ní “ààbò”. Nítorí náà: “ilẹ̀ olómi abẹ́ ààbò” fún ibẹ̀, “ìtọ́jú ẹyẹ omi” fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ká má da méjèèjì pọ̀. Ààbò nìkan kò fi ẹja sẹ́nu ẹyẹ.

Ẹnìkan béèrè bóyá “ẹyẹ omi” kò ní jẹ́ kó dà bí ẹni pé pẹ́pẹ́yẹ nìkan là ń sọ. Rárá o, ẹyẹ tí ayé rẹ̀ so mọ́ ilẹ̀ olómi ni, ì báà wẹ̀, ì báà má wẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ní Mai Po, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní black-faced spoonbill, kì í lúwẹ̀ẹ́ wá oúnjẹ. Á rọra máa rìn nínú omi tí kò jìn, á la ẹnu díẹ̀ sínú rẹ̀, á máa gbá a sọ́tùn-ún, á gbá a sósì, bí ẹja bá ti kan ẹnu rẹ̀, ó ti pa á dé. Ìpẹ̀kun ẹnu náà fẹ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn kan fẹ́ ká pè é ní “ẹyẹ ìgbakọ”, àmọ́ ìgbakọ jinnú. “Ẹlẹ́nu-ṣíbí olójú dúdú” bá a mu jù. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nǹkan bí 300 péré ni wọ́n mọ̀ pé ó wà láyé. Nínú iye tí wọ́n kà láti 2022 wá, wọ́n ti lé ní 6,000.

Lórí “aṣíkiri”, tí àwọn kan ń pe ẹyẹ tó ń rìnrìn àjò láti ilẹ̀ kan sí òmíràn lọ́dọọdún, mo ní àtakò díẹ̀. Ẹni tó ṣí kúrò nílùú lè má padà mọ́. Ẹlẹ́nu-ṣíbí yìí ń yé ẹyin, ó sì ń tọ́ ọmọ ní àwọn erékùṣù ìwọ̀ oòrùn Kòríà, ó ń lọ lo ìgbà òtútù ní Taiwan, Hong Kong àti àwọn ibòmíràn, á sì tún padà. “Ẹyẹ àlọ-àbọ̀” ni mo máa pè é. Á tún jẹ́ kó hàn pé ibi méjèèjì ló nílò ìtọ́jú, àti gbogbo ibi tó ti ń sọ̀ lójú ọ̀nà.

Èyí tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún ni ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó máa ń yọ síta nígbà tí òkun bá fà, tí omi tún máa ń bò nígbà tó bá kún. “Ẹrẹ̀ etí òkun” kò sọ nípa àlọ àti àbọ̀ omi náà rárá. Ẹ̀yin Ìlàjẹ, ẹ̀yin Àwórì, àti ẹnikẹ́ni tó dàgbà létí òkun tàbí ọ̀sà, kí lẹ ń pè é nílé? Bó jẹ́ ọ̀rọ̀ apẹja lásán, ẹ fi ránṣẹ́.